Oorun, Ọdẹ Orí àti Arò: Bí Ìtọ́jú Àrùn Ọpọlọ Ṣe Rìn Dé Ibi Tí Ó Dé ní Ilẹ̀ Yorùbá

Sábó wà ní Ọ̀yọ́, Sábó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Inú èdè Haúsá ni orúkọ náà ti wá. Ohun tí ó jẹ́ titun ni ó túmọ̀ sí, nítorí ibùdó titun ni irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún àwọn àlejò tí wọ́n ti Òkè-Ọya wá. Ohun kan tí Sábó gbogbo fi jọ ara wọn ni pé oorun kì í tètè kùn wọ́n. Nígbà tí àwọn àdúgbò yòókù bá ti tilẹ̀kùn, iná onísúyà ṣì ń jó, oníṣáì ṣì ń da omi gbígbóná láti inú ife kan sínú èkejì, awakọ̀ akẹ́rù tí ó ń lọ sí Ìlọrin sì ń ra obì gbànja kí oorun má baà gbé e lójú ọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ náà ń ra obì yìí. Ohun kan náà ni awakọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń wá: wọ́n fẹ́ lé oorun lọ.

Ẹni tí ó lé oorun tí oorun sì padà wá kò ní ẹjọ́ púpọ̀. Ẹni tí oorun kọ̀ tí kò padà wá bá mọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn. Ta ni ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́? Ta ni ń tọ́jú rẹ̀ lóde òní? Ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí àìróorunsùn ni ó sábà máa ń ṣáájú wọlé kí àwọn àrùn náà tó fara hàn.

Orúkọ tí Yorùbá fún àìsàn wọ̀nyí

Èdè ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ohun tí àwùjọ kan bá ní orúkọ fún, ohun tí ojú wọn ti rí ni. Yorùbá kò da gbogbo àìsàn ọpọlọ pọ̀ sójú kan. Wèrè ni ẹni tí ọ̀rọ̀ àti ìwà rẹ̀ ti dàrú. Wèrè aláṣọ ni ẹni tí ó ṣì ń wọṣọ, tí ará òde kò sì mọ̀ pé nǹkan ṣe é, ṣùgbọ́n tí àwọn ará ilé rẹ̀ mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Abísínwín ni obìnrin tí àrùn náà kọ lù lẹ́yìn ìbímọ. Dìndìnrìn ni ẹni tí òye rẹ̀ kò kún láti kékeré. Wárápá yàtọ̀ sí gbogbo wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé adáhunṣe kan náà ni a lè gbé wọn lọ.

Àwọn àìsàn tí ó jẹ mọ́ orí àti oorun náà ní orúkọ tiwọn. Ọdẹ orí ni èyí tí aláìsàn yóò máa sọ pé nǹkan ń rìn nínú orí òun, pé etí òun ń hó, pé àyà òun ń já, àti pé òun kò lè sùn. Ní ọdún 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Makanjuola kọ ìwádìí jáde lórí ọdẹ orí nínú ìwé àwọn oníṣègùn òkè òkun. Ó fi hàn pé ìbànújẹ́ ọkàn tàbí àìfọkànbalẹ̀ ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀ irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ara ni aláìsàn fi ń sọ ohun tí ọkàn rẹ̀ kò rí ẹnu sọ.

Ogun òru ni orúkọ mìíràn. Ẹni tí ogun òru bá bá jà a máa ta jí lóru pẹ̀lú ìbẹ̀rù ńlá, a máa jà, a máa pariwo, tàbí kí ó sọ pé wọ́n fún òun lóúnjẹ jẹ lójú àlá. Àwọn ènìyàn gbà pé ìjà ni ó wà láàárín ọkọ tàbí aya ti ayé àti ti ọ̀run. Ní ọdún 2007, àwọn oníṣègùn méjì, Aina àti Famuyiwa, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nínú ìwé ìwádìí kan. Ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni pé nínú ohun tí a ń pè ní ogun òru, àwọn kan wà tí ó jọ ìdàrúdàpọ̀ oorun tí ìṣègùn ìgbàlódé mọ̀ dáadáa, àwọn kan sì wà tí ó jọ wárápá òru. Àdúrà àti ètùtù ni àwọn ènìyàn sábà máa ń wá sí i. Bí ó bá wá jẹ́ wárápá ni, ọjọ́ tí a fi dúró láìlo oògùn wárápá, ọjọ́ àdánù ni fún aláìsàn.

Ìtọ́jú lọ́dọ̀ àwọn adáhunṣe

Kí òyìnbó tó dé, ọ̀dọ̀ babaláwo àti adáhunṣe ni a ń gbé aláìsàn ọpọlọ lọ. Ẹbí yóò bá a lọ, yóò sì máa gbé inú agbo ilé oníṣègùn náà títí ara yóò fi yá. Raymond Prince, oníṣègùn àrùn ọpọlọ láti Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1950, fi ara balẹ̀ kọ́ nípa ìtọ́jú yìí, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1964. Ó sọ nípa ìfá dídá, ẹbọ, ọfọ̀ àti àgbo. Ó sọ nípa ètò ìdágbére pẹ̀lú: bí a ṣe máa ń mú ẹni tí ara rẹ̀ ti yá lọ sí etí odò, tí a óò fá orí rẹ̀, tí a óò fi ẹ̀jẹ̀ ẹyẹlé wẹ̀ ẹ́, tí aṣọ àìsàn yóò sì bá odò lọ. Lójú gbogbo ènìyàn, àìsàn ti bá omi lọ nìyẹn, ẹni titun ni ó ń padà sílé.

Egbòogi tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú ìtọ́jú yìí ni aṣofẹ́yẹjẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n máa ń lò fún wèrè tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, oògùn náà a sì máa kun ènìyàn lóorun gidigidi. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ èròjà kan, reserpine, jáde láti ara igi Íńdíà kan tí ó jẹ́ ìbátan aṣofẹ́yẹjẹ. Kò pẹ́ tí àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀ sí lò ó. Nígbà tí Prince kọ̀wé nípa aṣofẹ́yẹjẹ ní ọdún 1960, ó hàn sí àwọn onímọ̀ ayé pé ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, àwọn adáhunṣe Yorùbá ti ń lò ó tipẹ́.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi iyì bo àléébù mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n oògùn náà kò dọ́gba láti ilé oníṣègùn kan dé èkejì, àpọ̀jù rẹ̀ a sì máa fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, a máa mú ìbànújẹ́ bá ọkàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn, wọ́n ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ ààbà, wọ́n sì ń nà án lẹ́gba. Ọgbọ́n àti ìyà ni wọ́n jọ ń gbé inú agbo ilé kan náà.

Ilé asínwín ìjọba amúnisìn

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, kì í ṣe ìwòsàn ni wọ́n kọ́kọ́ rò; bí ìgboro yóò ṣe tòrò ni wọ́n rò. Wọ́n dá ilé asínwín sílẹ̀ ní Kàlàbá ní ọdún 1904; ti Yábàá ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí gba ènìyàn ní ọdún 1907. Òfin ọdún 1916 fún adájọ́ lágbára láti ní kí wọ́n ti asínwín mọ́lé. Àwọn tí wọ́n ń mú ni àwọn tí ń rìn káàkiri ìgboro. Àwọn tí ó wà lábẹ́ òrùlé ẹbí wọn, ìjọba kò dá sí wọn. Níbi tí kò bá sí ilé asínwín, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń kó wọn sí.

Fún nǹkan bí ogójì ọdún, kò sí oníṣègùn kan tí ó kọ́ṣẹ́ nípa àrùn ọpọlọ tí ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ilé wọ̀nyí. Àyè há, ènìyàn pọ̀, ìtọ́jú kò sì sí. Ní ọdún 1938, Cunyngham Brown, òyìnbó tí ìjọba rán wá wo ọ̀rọ̀ náà, kọ ìròyìn tí kò dùn ún gbọ́ nípa wọn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ilé adáhunṣe àti ilé asínwín ìjọba hàn gbangba: ní ilé adáhunṣe, aláìsàn lè jẹ ìyà, ṣùgbọ́n ó ní ẹbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní ilé asínwín, ó jẹ ìyà, kò sì ní ẹnìkan.

Láti Lantoro dé Arò

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó mú àyípadà wá. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí ogun ti da ọpọlọ wọn rú ń padà wálé, ìjọba kò sì lè sọ fún àwọn tí wọ́n jà fún ọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n máa lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 1944 ni wọ́n ya ilé kan sọ́tọ̀ fún wọn ní Lantoro ní Abẹ́òkúta. Ó dunni láti sọ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ilé náà tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, láti ibẹ̀ ni ètò ti bẹ̀rẹ̀ fún ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Arò, lẹ́yìn ìlú Abẹ́òkúta.

Ọmọ Abẹ́òkúta kan ni ó sọ Arò di ohun tí gbogbo ayé ń wá wò. Thomas Adéoyè Lámbò ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọdún 1923, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn Onítẹ̀bọmi fún ọmọkùnrin ní Abẹ́òkúta, ó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ṣẹ́ àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1954, ilé ìwòsàn Arò kò tíì parí. Ẹlòmíràn ìbá jókòó dúró de bíríkìlà. Lámbò kò dúró. Ó wo àwọn abúlé tí ó yí Arò ká, ó sì bá àwọn baálé àti àwọn onílé sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé.

Báyìí ni ètò náà ṣe rí. Aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá: ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìbátan mìíràn. Àwọn méjèèjì yóò háyà yàrá ní abúlé. Ẹbí ni yóò máa se oúnjẹ, tí yóò máa fọ aṣọ, tí yóò sì máa mú aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti fún un ní oògùn tàbí abẹ́rẹ́, tàbí kí wọ́n fi iná mànàmáná tọ́jú rẹ̀, bí àwọn ilé ìwòsàn òyìnbó ṣe ń ṣe nígbà náà. Bí ọ̀sán bá pọ́n, aláìsàn yóò padà sí abúlé láti ṣiṣẹ́ oko, láti bá ènìyàn ṣeré, láti lọ sí ibi ayẹyẹ. Lámbò gba àwọn adáhunṣe pẹ̀lú wọlé kí wọ́n lè bá wọn ṣe nínú iṣẹ́ náà, nítorí ó mọ̀ pé aláìsàn tí ó gbà pé wọ́n ṣe òun kò lè fọkàn balẹ̀ bí a bá fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀kọ́ yìí ni Arò mú lò.

Bí a bá wò ó dáadáa, ohun tí Lámbò ṣe ni pé ó mú ohun tí ó dára jù ní ilé adáhunṣe, èyíinì ni ẹbí tí ń bá aláìsàn gbé, ó fi kún ohun tí ó dára jù ní ilé ìwòsàn, èyíinì ni oògùn tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ó fi ẹ̀wọ̀n àti ẹgba sílẹ̀. Àwọn ará abúlé náà jèrè owó ilé, ẹ̀rù asínwín sì bẹ̀rẹ̀ sí kúrò lára wọn nítorí pé wọ́n ń bá a jẹ, wọ́n ń bá a mu.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, àwọn oníṣègùn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ sí Abẹ́òkúta fún àpérò àkọ́kọ́ lórí àrùn ọpọlọ ní gbogbo Áfíríkà. Ní ọdún 1963, Lámbò àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwé kan jáde lórí àrùn ọpọlọ láàárín Yorùbá. Wọ́n lọ sí àwọn abúlé àti ìgboro Abẹ́òkúta, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí wé ti àgbègbè kan ní Kánádà. Àwọn òyìnbó kan ti ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé adúláwọ̀ kì í ní ìbànújẹ́ ọkàn nítorí pé ìrònú rẹ̀ kò jinlẹ̀. Ìwádìí yìí já irọ́ wọn. Lọ́dún yẹn kan náà ni Lámbò di Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn. Tọ́lání Asuni sì ń bá iṣẹ́ Arò lọ lẹ́yìn rẹ̀. Lámbò di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1968, lẹ́yìn èyí ni ó sì lọ di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó kú ní ọdún 2004.

Àìsàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Láti Arò kan náà ni ọ̀rọ̀ kan ti jáde tí ó kan gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Prince ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń wá sọ́dọ̀ òun pẹ̀lú ẹ̀sùn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: orí ń gbóná, nǹkan ń rìn lórí, ojú ń ṣú bí wọ́n bá la ìwé, ohun tí wọ́n kà kò dúró lórí, oorun kò sì kùn wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń pe àìsàn yìí ní brain fag, wọ́n gbà pé ìwé ni ó ti rẹ ọpọlọ wọn. Ní ọdún 1960 ni Prince kọ ìwé lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ nípa ọdẹ orí yóò rí i pé àwọn méjèèjì jọra púpọ̀. Ó dà bí ẹni pé ọdẹ orí wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́.

Àlàyé tí Prince ṣe kọ́kọ́ dá lórí bí ẹ̀kọ́ ìwé ti òyìnbó ṣe jẹ́ ohun titun fún ọmọ tí ó ti inú àwùjọ àjùmọ̀ṣe wá, tí wọ́n sì ní kí ó dá jókòó ti ìwé. Ní ọdún 1980, Olúfẹ́mi Mọ́rákínyọ̀ gbé àlàyé mìíràn kalẹ̀. Ó tọ́ka sí ìtara àtiyege tí ó pọ̀ jù, sí àìsùn, àti sí àwọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò láti lé oorun. Àlàyé kejì yìí ni ó bá Sábó mu. Obì gbànja ní èròjà kaféènì nínú bí kọfí ṣe ní in. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ títí di ọ̀gànjọ́, tí ó tún jí ní ìdájí, tí ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ yóò béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ara kì í ṣe òkúta. Ojú oorun ni ohun tí a kà lọ́sàn-án ti ń fìdí múlẹ̀ lórí. Ẹni tí ó fi oorun ra ìwé kíkà, ohun tí ó rà gan-an ni ó ń sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1994, àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà kọ brain fag sínú ìwé atọ́nà wọn. Nínú ẹ̀dà ti ọdún 2013, wọn kò fún un ní àyè tirẹ̀ mọ́. Yálà orúkọ náà dúró tàbí kò dúró, àwọn ọmọ tí orí ń gbóná fún ṣì wà nínú kíláàsì.

Ohun tí ó kù

Ètò abúlé Arò kò gbilẹ̀ bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ó ṣòro fún ẹbí láti fi oko tàbí ọjà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àléébù kan sì wà nídìí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: abúlé Arò kì í ṣe abúlé aláìsàn. Fún ọmọ Ẹ̀gbá, ibẹ̀ jọ ilé. Fún ẹni tí a gbé láti Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, àárín àlejò ni. Fún ará Sábó tí Haúsá jẹ́ èdè àbínibí rẹ̀, àjèjì ni ó jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìtọ́jú tí Lámbò ń wá yóò pé nígbà tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà aláìsàn fúnra rẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe àjèjì sí ìṣègùn ìgbàlódé. Láti ọdún 1907 ni Dókítà George Green ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi níbẹ̀; ilé ìwòsàn náà ti di ti Yunifásítì Bowen, Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá náà sì ní tirẹ̀ ní ìlú kan náà. Ní Ìbàdàn, ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láàárín àwọn àgbàlagbà ilẹ̀ Yorùbá fi hàn pé àìróorunsùn wọ́pọ̀ láàárín wọn. Síbẹ̀, àwọn oníṣègùn ọpọlọ tí ó wà ní Nàìjíríà kò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ènìyàn tí ń bẹ níbẹ̀. Ní ọdún 2019, àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn kan, Human Rights Watch, ròyìn pé wọ́n ṣì ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn ọpọlọ ní onírúurú ibi ní Nàìjíríà, àti ní ilé ìjọba, àti ní ilé àdúrà, àti ní ilé ìbílẹ̀. Òfin àtijọ́ tí ń pè wọ́n ní asínwín wà nílẹ̀ títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin titun tí ó dá ẹ̀tọ́ aláìsàn mọ̀.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà

Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò dùn ún bí lọ́mọ. Ìtìjú tí ń bẹ nínú òwe yìí ni ó ń mú kí ẹbí fi aláìsàn pamọ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí. Ṣùgbọ́n ìtàn Arò kọ́ni pé àwọn ará abúlé lásán, tí wọn kò kàwé, gba aláìsàn sílé láìtijú, ara ọ̀pọ̀ nínú wọn sì yá.

Olùkọ́ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ rí àmì àìsàn yìí lára ọmọ. Ọmọ tí ó ń tòògbé ní kíláàsì lójoojúmọ́, tí ń di orí mú, tí ìwé rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn bí ó tilẹ̀ ń ṣe àìsùn, kì í ṣe ọ̀lẹ ni dandan. Kí ó tó di pé a fi pàṣán bá a wí, ó yẹ kí a bi í léèrè wákàtí tí ó fi ń sùn, kí a sì bi í léèrè ohun tí ń bà á lẹ́rù. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá bẹ́ẹ̀, kí a pe àwọn òbí rẹ̀, kí a sì darí wọn sí ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí. Àwọn tí ìgbàgbọ́ wọn wà nínú àdúrà lè máa gbàdúrà lọ. Lámbò kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó ní kí wọ́n má ṣe ni kí wọ́n dá aláìsàn dá àìsàn rẹ̀.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Sábó lóru òní, tí obì wà lẹ́nu rẹ̀ tí ìwé sì wà níwájú rẹ̀, ìdánwò yóò wá, yóò sì lọ. Ọpọlọ tí yóò fi kọ ọ́ kò ní ìpààrọ̀. Kí ó pa ìwé dé, kí ó lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìwé náà yóò ṣì wà níbẹ̀.